Àtẹ̀gùn Ọgọ́ta

Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí ilé wa ní Kambolé ló mọ̀ pé àtẹ̀gùn ọgọ́ta ló wà nínú ilé iná etí òkun. A mọ̀ ọ́n kí a tó mọ Fátíhà dénú. Bàbá mi ló máa ń sọ ọ́ fún wa bí a bá jẹun tán: bí wọ́n ṣe lọ sí ìhà òkun nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe ríṣẹ́ ní ilé gíga kan tó ń tan iná kí ọkọ̀ ojú omi má baà ṣìnà, bí wọ́n ṣe fi odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan kùn ún ní ọ̀dà funfun, tí wọ́n ń ru garawa gun àtẹ̀gùn ọgọ́ta, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n tún ń gùn.

Ìyá mi kò gba ìtàn yìí gbọ́ rí, wọ́n sì ní ìdí. Ẹ̀ẹ̀rùn tí Bàbá ń wí yẹn ni ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ìgbéyàwó wọn. Ìyá ìyá mi ń ta iṣu lọ́jà Sokodé, Bàbá ló ń kó iṣu wá fún wọn láti Kambolé, ibẹ̀ ni ojú Bàbá àti Ìyá ti pàdé. Wọ́n tọrọ ìyàwó tán, àfi bí ọkọ ìyàwó ṣe pòórá fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó dé, ó ní òkun ni òun lọ. Àwọn ọlọ́jà sì ti sọ fún Ìyá pé Tchamba ló wà, lọ́dọ̀ opó kan tó ń dín àkàrà. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá ti ní "ilé iná", Ìyá á ní "àkàrà".

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin bímọ ní Cotonou, ó sì di dandan kí a lọ sọmọ lórúkọ. Olùkọ́ ni mí ní Sokodé, ilé mi wà ní Kouloundè, mo sì ní ọkọ̀ kan tó ti gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì kú. Mo sọ pé n ó fi gbé àwọn òbí mi. Mo ní a ó sọ̀ kalẹ̀ dé Lomé, kí a máa tẹ̀ lé etí òkun lọ, kí a sì yà sí ilé iná Bàbá. Mo ti wádìí rẹ̀: ó ṣì wà lórí ìdúró, lójú ọ̀nà Aného.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé wọn ní Kambolé, Bàbá ka ọgbọ̀n iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ fún ìyá ọmọ tuntun, wọ́n sì ju èènì sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, títí ọkọ̀ mi fi fìdí kalẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Mo kùn. Nígbà tí a ń kọjá ní Tchamba, obìnrin kan ń dín àkàrà létí títì, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ìyá fọwọ́ kan èjìká Bàbá.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò ní kí wọn nílé?"

"Astaghfirullah," ni Bàbá wí, wọ́n sì kọjú síwájú.

A sùn sílé mi. Ní ọjọ́ kejì, kí a tó dé Lomé, Ìyá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ọjọ́ náà ló pé yìí. Bí àtẹ̀gùn yẹn kò bá pé ọgọ́ta, tàbí tó bá lé, ẹ ò ní sọ ìtàn yẹn fún ọmọ tuntun yìí láéláé."

"Bon, mo gbà," ni Bàbá wí. "Tó bá wá pé ńkọ́?"

"Tó bá pé, èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́ fún un."

Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ìtàn yẹn ni Bàbá ní. Wọn kò dé Mẹ́kà, wọn kò kọ́lé alájà, iṣu ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn gbìn. Èmi náà, kí n má parọ́, kò dá mi lójú pé wọ́n lọ.

Ilé iná náà kò ga tó bí mo ṣe ń rò ó láti kékeré. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí, iná orí rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Bàbá gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn kìíní, orúnkún wọn kọ̀. Wọ́n tún gbìyànjú, ó tún kọ̀. Wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Ẹ lọ kà á," ni wọ́n wí. "Mo dúró dè yín."

Ìyá so ìró wọn le, wọ́n sì ń kà sókè bí a ṣe ń gùn. Nígbà tí wọ́n pe ọgọ́ta, mo gbójú sókè. Àtẹ̀gùn ṣì ń yí lọ lórí wa. Ìyá kò dúró. Nígbà tí a dé òkè pátápátá, wọ́n yọ orí lójú fèrèsé.

"Méjìléláàádọ́rin!"

"Wọ́n ti fi kún un!" ni Bàbá ké láti ìsàlẹ̀.

Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lédè Faransé. Ó kígbe dáhùn pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àtẹ̀gùn náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Bàbá ṣí fìlà wọn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Òkun wà níwájú mi, ó lọ salalu, mi ò tilẹ̀ rí i. Inú Ìyá ló ń bí mi. Ta ló rán wọn ní kíkà?

Ṣùgbọ́n Ìyá kò yọ̀. Wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ń ronú.

"Ẹni tó bá fẹ́ parọ́, ọgọ́rùn-ún ni ì bá pè é. Níbo ló ti rí ọgọ́ta?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tún ń kà, ṣùgbọ́n ohùn wọn ti yí padà. Ohùn ọjà ni.

"Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Èènì. Ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá. Èènì."

Bí wọ́n ṣe ń ka iṣu nílé wa nìyẹn: bí márùn-ún bá pé, a ó ju ẹyọ kan sí i fún oníbàárà, a kì í ka ẹyọ náà. Bàbá kò mọ kíkà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ka àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ka adìyẹ. Mo di ògiri mú, mo ń bá Ìyá kà á nínú mi. Nígbà tó ku àtẹ̀gùn kan, Ìyá dúró.

"Ọgọ́ta," ni wọ́n wí. Wọ́n wá tẹ èyí tó kẹ́yìn. "Èènì."

Bàbá gbójú sókè. Ìyá rìn kọjá wọn. Ẹni tó ń jẹ àgbàdo ni wọ́n kọjú sí, wọ́n sì fi Faransé ọjà wọn sọ fún un pé ọkọ òun nìyí, ọkọ òun ló kun ilé yìí, kí ó dìde kí i dáadáa. Ọkùnrin náà gbé àgbàdo sílẹ̀, ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ Bàbá lọ́wọ́. Èmi ni mo sunkún, mo ní afẹ́fẹ́ òkun ló bọ́ sí mi lójú.

Nínú ọkọ̀, Ìyá tún fọwọ́ kan èjìká Bàbá.

"Ta wá ni alákàrà yẹn?" ni wọ́n bi Bàbá.

"Wallahi, èmi náà ti ń wá a láti ọjọ́ yìí."

Ní Cotonou, wọ́n gbé ọmọ tuntun lé Ìyá lẹ́sẹ̀. Bàbá ń jẹun ní ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàbá ìyá rẹ yìí," ni Ìyá wí fún ọmọ náà, "òun ló kun ilé iná etí òkun. Àtẹ̀gùn ọgọ́ta ló wà níbẹ̀."

"Ó ku èènì," ni Bàbá wí.