Epo Pupa Lẹ́nu Dúdú

Bí òjò bá ti dá, tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú ọgbà wa ní Oǹdó, mo máa ń ti ológbò mi mọ́lé. Igbe wọn máa ń gbé mi padà sí ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà mi ní Àkúrẹ́, lọ́sàn-án ọjọ́ tí Dúdú, ológbò wa, gé ọ̀pọ̀lọ́ kan jẹ láàárín tẹ̀tẹ̀. Itọ́ funfun ń hó lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n lórí itan mi.

Ìyá àgbà sáré gbé epo pupa wá. “Epo á pa oró náà. Di orí rẹ̀ mú, kó o sì máa gbàdúrà.”

Mo dijú, mo gbàdúrà bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Epo ń ṣàn padà sára aṣọ mi, títí ara Dúdú fi rọ̀.

“Ìyá àgbà, ṣé ó ti yá?”

“Ó ti sùn. Gbé e fún mi, kó o lọ já ẹ̀fọ́ wá.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ń gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìn igi ìbẹ́pẹ. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún.

Mo bẹ̀rẹ̀ láàárín ewé, mo rọra sọ fún àwọn ọ̀pọ̀lọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Dúdú ń sùn.”