Wọ̀n-ọ́n-wò àti Yàrá Tí Wọn Kì Í Ti Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ tí Wọ̀n-ọ́n-wò gbẹ́nàgbẹ́nà ná ọ̀rọ̀ ẹnu bí ẹni ń ná pákó ni gbogbo ènìyàn fi ń rántí rẹ̀ títí dòní. Ìyàwó rẹ̀, Aránṣọ, jókòó tì í lọ́jọ́ náà, ó ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu kó gbé òun mì.

Ìpàdé òbí ni, ní yunifásítì, lẹ́ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé. Wọ́n ti pín àwọn ọmọ tuntun sí sítúdíò mẹ́ta. Ọ̀kan ń kọ́ wọn ní ohùn, ọ̀kan ń kọ́ wọn ní eré ìbòjú, ìkẹta sì ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ara nìkan ṣeré. Ẹni tó bá ti wọ yàrá ìkẹta yìí kò gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀ títí yóò fi jáde. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n pín ọmọbìnrin wọn sí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Wọ̀n-ọ́n-wò dìde, pẹ́ńsù rẹ̀ wà lẹ́yìn etí. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọmọ tó jẹ́ pé ojú oorun gan-an ló ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ẹ wá fẹ́ dì í lẹ́nu?"

Olùkọ́ sítúdíò náà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó gé irun funfun rẹ̀ mọ́lẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹnikẹ́ni ò dì í lẹ́nu, Bàbá. Ó fẹ́ kọ́ bí ara ṣe ń sọ̀rọ̀ ni."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó máa sọ ogún ọ̀rọ̀ lójúmọ́."

"Rárá o, Bàbá."

"Mẹ́wàá."

"A kì í ná an, Bàbá."

"Mo ti gbọ́. Márùn-ún. Ẹ wò ó, mo ti sún mọ́ yín, ẹ̀yin náà ẹ sún mọ́ mi díẹ̀."

Àwọn òbí ti ń fọwọ́ bo ẹnu. Aránṣọ fa ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ nísàlẹ̀, ọkọ já ẹ̀wù gbà. "Kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí kò ní wọlé bá àgbà láìkí i. 'Ẹ káàárọ̀' nìkan ni mo bẹ̀ yín fún!"

Olùkọ́ mí kanlẹ̀. "'Ẹ káàárọ̀' nìkan, Bàbá."

Wọ̀n-ọ́n-wò jókòó, ó sọ sí ìyàwó rẹ̀ létí pé, "Ká ní o ò fà mí lẹ́wù ni, ǹ bá ti gba 'Ó dàbọ̀' mọ́ ọn."

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán síbẹ̀. Ìwé kan wà tí òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí ìdajì ọdún tó pé. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọn yóò gbé ọmọ náà lọ sí sítúdíò ohùn. Wọ̀n-ọ́n-wò ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò. Ó ní òun kì í fọwọ́ sí ohun tí òun kò bá tíì wọ̀n.

Níta, nọ́ọ̀sì kan tí ọmọ tirẹ̀ wà ní sítúdíò ohùn dá a dúró. "Bàbá, ẹ máa dúpẹ́. Láti ìgbà tí tèmi ti rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, inú balùwẹ̀ ló ti ń ké. Lánàá, àwọn ará ilé kejì gbé omi wá, wọ́n ní iná ń jó wa."

Ojú Wọ̀n-ọ́n-wò tàn yòò. "Ṣé wọ́n máa ń gbà ká ṣe pàṣípààrọ̀ ọmọ?"

"Bàbá wa, ẹ jẹ́ ká lọ sílé," ni Aránṣọ wí.

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ wọn kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, èmi fúnra mi ni mo mú un. Wọ́n bi wá léèrè, mo ní ibẹ̀ ló wù mí. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

"Kí ló dé tí o fẹ́ máa dákẹ́ láàrin ẹgbẹ́?"

"Nílé yìí náà ńkọ́, Bàbá? Ta ló ń ráyè sọ̀rọ̀ nínú wa?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Aránṣọ ìdí tí ọmọ náà fi ń sọ tirẹ̀ lójú oorun.

Àmọ́ omi ti lé ròrò sójú ọmọ náà, Aránṣọ sì mọ ọkọ tí òun fẹ́. Nígbà tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ wá tọrọ òun, kó tó jókòó ló ti wọn ẹnu ọ̀nà ilé bàbá òun, ó ní bẹ́ẹ̀dì tí òun fẹ́ kàn fún ìyàwó òun kò ní gba ibẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ òun di ẹni tó ń di etí téèpù irin tó fi ń wọn nǹkan mú. "Mú un dáadáa. Má jẹ́ kó bọ́." Bó bá wọn nǹkan tán, á tún un wọ̀n. Ó máa ń fi téèpù aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń ránṣọ ṣe yẹ̀yẹ́: "Tìẹ yìí rọ̀ jù. Ó ń gba ti ènìyàn rò."

Aránṣọ á ní, "Ènìyàn náà ni mo ṣáà ń fi í wọ̀n."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Wọ̀n-ọ́n-wò mú ìyàwó àti téèpù, ó ní ó di sítúdíò. Àwọn ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́. "Ẹ káàsán o!" Kẹ́kẹ́ pa. "Mo ní ẹ káàsán!" Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ọmọ rẹ̀ kàn tẹríba.

Wọ̀n-ọ́n-wò yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Àṣìṣe mi ni. Àárọ̀ nìkan ni mo ná, mo gbàgbé ọ̀sán."

Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ báyìí, pákó ilẹ̀ han gooro. Ó tún gbẹ́sẹ̀, òmíràn han. Ó ní, "Àwọn ọmọ dákẹ́, pákó wá gba ọ̀rọ̀ sọ." Ló bá gba ilé lọ gbé irinṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tún ilẹ̀ náà kàn, kò gba kọ́bọ̀. Olùkọ́ dúpẹ́ dúpẹ́, ó wá fọgbọ́n bèèrè ìwé.

"Ilẹ̀ nìkan ni mo ti wọ̀n," ni Wọ̀n-ọ́n-wò wí. "N ò tíì wọn iṣẹ́."

Ọjọ́ tí ìdajì ọdún pé gan-an ni wọ́n pe àwọn òbí wá wòran. Ìwé ṣì wà ní àpò. Aránṣọ ò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọmọ wọn nìkan ló jáde sórí ìtàgé, kò mú nǹkan kan dání. Ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn etí, ó yọ ohun tí kò sí níbẹ̀, ó fi kan ahọ́n. Ó fa téèpù tí a kò rí, ó dijú kan, ó wọn afẹ́fẹ́, ó tún un wọ̀n, ó mirí. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ pariwo: "Yéè! Bàbá Wọ̀n-ọ́n-wò!" Ẹ̀rín sọ. Bàbá fúnra rẹ̀ yára fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí, bóyá wọ́n ti jí pẹ́ńsù òun.

Ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wọn nǹkan kan tó ga mọ ní orúnkún, ó fi pẹ́ńsù sàmì sára òpó. Ó dìde díẹ̀, ó wọ̀n, ó sàmì. Ó tún dìde. Aránṣọ mọ òpó yẹn. Òpó ilẹ̀kùn yàrá wọn ni, níbi tí bàbá ti ń wọn gíga ọmọ lọ́dọọdún. Nígbà tó yá, àmì náà ga kọjá ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n lè dé. Ó gbójú sókè, ó ń wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

Wọ̀n-ọ́n-wò dìde lórí ìjókòó.

Ó rìn lọ bá Olùkọ́, ó tú ìwé, ó yọ pẹ́ńsù.

"Bíírò ni wọ́n fi ń ṣe é, Bàbá."

"Pẹ́ńsù ni mo fi ń sàmì sí ohun tó bá tọ́."

Olùkọ́ gba ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ná ọjà yín dáadáa. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ sétí ìyàwó yín lọ́jọ́ ìpàdé. Mo fi 'Ó dàbọ̀' ṣe èènì." Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ọmọ bá wọ yàrá yẹn, wọ́n á kí 'Ẹ káàárọ̀', bí wọ́n bá sì fẹ́ jáde, wọ́n á ní 'Ó dàbọ̀'.

Ọdún ń gorí ọdún, àìsàn dé bá Wọ̀n-ọ́n-wò. Dókítà ní oṣù mẹ́ta ló kù. Wọ̀n-ọ́n-wò ní, "Dókítà, ẹ fi díẹ̀ sí i." Dókítà ní kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ná. Oṣù mọ́kànlá ló lò kó tó dákẹ́.

Lọ́dún yìí, ọmọ rẹ̀ ló jókòó sípò Olùkọ́ ní yàrá náà. Lọ́jọ́ ìpàdé òbí, ó ní kí ìyá òun wá jókòó síwájú níbẹ̀. Ó ṣe eré bàbá rẹ̀, àwọn òbí tí kò mọ̀ ọ́n rí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó fa téèpù tí a kò rí, ó na etí téèpù náà sí ìyá rẹ̀.

Aránṣọ dìde pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó fi ìka méjì di etí òfo náà mú dáadáa. Ọmọ fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fà á lọ títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Eré tán, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì, tó bá a wá, tí òun náà ti darúgbó, rọra ní, "Ẹ jókòó, Màmá, ó ti parí."

Aránṣọ mirí. Bí òun bá jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí, téèpù á fi ipá ká padà, á ṣe ọmọ léṣe. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ọmọ náà rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń ká téèpù wọlé díẹ̀díẹ̀, lórí ilẹ̀ pákó tí kò han gooro, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Nígbà náà ni àwọn ọmọ sítúdíò, tí wọn kò tíì lanu láti ìgbà tí wọ́n ti kí 'Ẹ káàárọ̀', jọ fi ohùn kan ṣoṣo sọ pé, "Ó dàbọ̀."