Ògiri tí Mo Kọjú Sí

Ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí ni obìnrin ará Ìjàgbó kan tó lọ́kọ sí àdúgbò wa ní Ọ̀fà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ti pinnu pé orúkọ ẹnikẹ́ni kò ní sí nínú ohun tí mò ń kọ yìí, ṣùgbọ́n bí ó bá kà á, yóò mọ̀ pé òun ni. Ní gbogbo ọdún tí a fi jọ ṣe iṣẹ́ tíṣà, tábìlì rẹ̀ àti tèmi fara kanra nínú yàrá olùkọ́. Èmi ló ń ra ẹ̀pà, òun ló ń ra gúgúrú. Tí kíláàsì rẹ̀ bá ń pariwo, èmi ni mo máa lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn á sì dákẹ́. Mo jù ú lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, ó sì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Mo gbà pé ó ń pè é tinútinú.

Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀. Alága ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní wọ́ọ̀dù ṣẹ̀ mí. Ọkùnrin tó wọlé dípò mi ṣẹ̀ mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó láti kọ̀wé, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n mú wọn níkọ̀ọ̀kan, kí n fún oníkálukú ní tirẹ̀. Mo ti dàgbà, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi mí ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá mú bírò, àwọn tí mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ló ń ṣáájú wá sí mi lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kò pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni ìjì ká òrùlé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa. Páànù kan fò títí dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ wá ń jókòó sí. Tí òjò bá ti ṣú, wọ́n á ká ẹní, wọ́n á gba ilé lọ. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ títí tí àwọn akọ̀wé fi ń sá pamọ́ tí wọ́n bá rí gèlè mi. Wọ́n ní kí n lọ bá káńsẹ́lọ̀. Káńsẹ́lọ̀ ní kí n lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀. Alága kò sí nílé, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó máa dé.

Ọ̀rẹ́ mi ará Ìjàgbó yìí ló dá a sílẹ̀, níbi tí a ti ń já ewébẹ̀ lẹ́yìn ilé mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣe kúkú di káńsẹ́lọ̀ náà fúnra yín? Ìrìn tí ẹ̀ ń rìn yìí ti jọ ti oníbáárà."

Mo rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Mi ò ṣeré o. Ẹ jáde. Èmi ni màá kọ́kọ́ tò sẹ́yìn yín."

Títò ni a máa ń tò lóòótọ́. Tí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ mú ẹni tí yóò dupò, wọn kì í lo ìwé. Àwọn olùdíje á dúró níwájú, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á tò sẹ́yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n á wá ka orí. Ojú gbogbo ayé ló ń rí ibi tí o dúró sí: onílé rẹ, ọ̀gá rẹ, ẹni tó ń ta ọjà àwìn fún ọ. Ìdí nìyẹn tí alága wọ́ọ̀dù fi gbé òfin tuntun dé lọ́jọ́ tiwa. Ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ̀yin olùdíje, ẹ kọjú sí ògiri. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn títí a ó fi kà á tán. A ò fẹ́ kí ẹ máa fojú dẹ́rù ba àwọn èèyàn."

Òfin náà dùn mọ́ mi nínú. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ìjọba tiwa-n-tiwa ti ń gbọ́n bọ̀ lọ́dọ̀ wa nìyí.

Ògiri ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní òrùlé yẹn náà ni mo kọjú sí. Ọmọ kan ti fi ṣọ́ọ̀kì ya màlúù sára rẹ̀, ó sì fún un ní ẹsẹ̀ márùn-ún. Alángbá kan ń gun màlúù náà lọ sókè. Mo gbé orí sókè, mo pa ẹsẹ̀ pọ̀, mo ju ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa. Ẹni tó bá wẹ̀yìn lórí ìlà nígbà náà, pàṣán ni.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Òórùn róòbù tí ọ̀rẹ́ mi máa ń fi pa orúnkún ló kọ́kọ́ dé ẹ̀yìn mi, ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé e: "Èmi rèé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ẹsẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹnì kan sọ pé, "Ìlà Mọ́mì ti dé ìdí máńgòrò o, ta ló máa ka gbogbo eléyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú mi kún fún ayọ̀.

Ṣùgbọ́n wọn ò tètè kà á. Oòrùn mú. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín lápá òdìkejì. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn mi, ó tún wúkọ́, mo rò pé eruku ni. Nígbà tó yá, mi ò gbóòórùn róòbù mọ́. Mi ò wẹ̀yìn. Màlúù ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni mò ń wò.

Ìgbà tí wọ́n ní kí a yíjú, àwọn tó kù lẹ́yìn mi kò tó èèyàn tí yóò kún bẹ́ǹṣì kan. Aránṣọ kan wà níbẹ̀ tí mo kọ́ nígbà kan, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní oríta wà níbẹ̀, òróró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí ìlà. Ọ̀rẹ́ mi wà lórí ìlà kejì, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Alhaji tó wọlé wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú ìfaradà." Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn láti fi kún ojú ewé kan nínú ìwé yìí. Kí n sọ òótọ́, ó kan òrùlé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìgbà tí ìbò mìíràn ń bọ̀ ló kàn án, ó sì ní kí wọ́n ya ojú òun gàdàgbà sára ògiri tí mo kọjú sí, lórí màlúù ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Ṣùgbọ́n òjò kì í lé ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sílé mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn tó kù lẹ́yìn mi kò sì tíì kúrò níbẹ̀ títí di òní. Aránṣọ wá kí mi lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Mọ́mì, a ò wá sunkún o, kí ni a máa ṣe sí kànga tó bàjẹ́?" Gbogbo wa la jọ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí kànga náà, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọ́n fi tẹ̀ lé wa dé ìdí kànga. Ìlà Mọ́mì ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìbò ní àdúgbò wa báyìí, ó di dandan kó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, kí aránṣọ bi í ní ìbéèrè. Mo ti rí ọkùnrin tó wọ agbádá ńlá tó ń làágùn níbẹ̀. Ká ní mo wọlé lọ́jọ́ náà, mi ò rò pé mo máa ní irú èèyàn báyìí. Bàbá àgbàlagbà ti lọ sinmi, mo sì máa ń dúpẹ́ lórí rẹ̀ tí mo bá ń gbàdúrà.

Ti ará Ìjàgbó nìkan ni kò tán lọ́kàn mi. Mo pààrọ̀ ìjókòó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí rẹ̀. Tí mo bá ń lọ ọjà, mo máa ń gba ọ̀nà tó jìn kí n má baà kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ìjákulẹ̀ náà kò dùn mí tó àìmọ ìdí rẹ̀.

Ìdìbò tó kọjá yìí, ilé ẹ̀kọ́ yẹn náà ni a ti dìbò. Agùnbánirọ̀ tó ń ṣètò ní kí àwọn àgbà bọ́ síwájú, ó gbé àga méjì tó rí sábẹ́ igi. Mo ti jókòó sí ọ̀kan kí n tó gbóòórùn róòbù.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Káàárọ̀."

Mo tún ní, "Orúnkún ńkọ́?"

"Ó ṣì wà lára ẹsẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì ń wo ògiri, níbi tí ọ̀dà ti ń ṣí kúrò ní imú Alhaji. Mo ní, "Kí ni wọ́n fún ọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan."

"Wọ́n ní ìrẹsì ni."

"Ìrẹsì? Èmi?"

"Àwọn kan ní wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ fún ọmọ rẹ."

"Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn? Iṣẹ́ wo ni káńsẹ́lọ̀ Ọ̀fà fẹ́ bá a wá ní Ìbàdàn?"

Òótọ́ ni. Mi ò rò ó débẹ̀ rí.

Ó ní, "Alhaji ò kọjú sí ògiri, ẹ̀gbọ́n mi. A ò tíì tò tán tó ti yíjú padà. Ó ṣí fìlà, ó ń wò wá níkọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ wa. Tó bá ti wo èèyàn báyìí, olúwarẹ̀ á rọra bọ́ sí ìlà rẹ̀."

"Alága wọ́ọ̀dù ò rí i ni?"

"Alága ló ń bu omi fún un."

Agùnbánirọ̀ pè wá. Ọ̀rẹ́ mi kò lè dá dìde, mo na ọwọ́ sí i, ó sì dì í mú. Ó dúró díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè balẹ̀, ó wá sọ pé, "Mo wúkọ́, mo tún wúkọ́. Ẹ̀yìn yín ni mò ń wò, ojú rẹ̀ ló ń wò mí. Ká ní ẹ yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan péré ni, mi ò ní lè kúrò."