Àlejò Tí Mo Bu Omi Fún ní Dagenham

Ẹ má rò pé mo jókòó hun ìtàn kan fún yín o. Ojú mi ló ṣe, lójúmọmọ, orí mi sì pé. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó ṣáà gbọ́ ọ tán.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ fi físà iṣẹ́ wọ̀lú bíi tèmi, ẹ mọ bó ṣe rí: láti ilé kan bọ́ sí òmíràn nínú òtútù. Bàbá òyìnbó kan wà nínú àwọn tí mò ń tọ́jú, ní Dagenham Village ní London níbí, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan. Pápá ni mo máa ń pè é. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún, kò lè dìde fúnra rẹ̀, pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. "My girl" ló máa ń pè mí, èmi abiyamọ!

Ó to àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tó fi pákó gbẹ́ sójú fèrèsé, gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìyá. Mo bi í pé kí ni wọ́n. Ó ní ọkọ̀ ogun àwọn ará Japan ni, oríṣi kan tí kò tóbi rárá, láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì tí òun jẹ́ sójà ojú omi. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ri bọ́ǹbù mọ́nú òkun, kí wọ́n sì bá tiwọn lọ. Irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ ló pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi tí òun wà nínú rẹ̀ wá pàdé ọ̀kan nínú wọn, wọ́n jáde sójú omi, wọ́n yìnbọn lù ú títí ó fi rì. Ọkùnrin kan láti inú ọkọ̀ tó rì náà lúwẹ̀ẹ́ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó na ọwọ́. Okùn wà lọ́wọ́ Pápá.

"Mi ò jù ú sí i," ló wí. Ló bá di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "My girl, bí o bá rí ẹnikẹ́ni lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn, má kí i. Bó bá ti rí ẹni gbà á lálejò, ó máa mú mi lọ."

Mo ní, "Okay, Pápá." Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní ọjọ́ ogbó ló ń bá a jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, èmi àti Sister Fúnkẹ́ la jọ lọ. A jọ ń ṣiṣẹ́ ni, a sì jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà. Ó ń wá ibi tó máa páàkì sí. Èmi mú kọ́kọ́rọ́ nínú àpótí kékeré ara ògiri tí wọ́n máa ń fi í pamọ́ sí fún wa, mo ṣílẹ̀kùn, mo wọlé.

Ọkùnrin kan jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ara rẹ̀ ò tóbi, ó dorí kodò.

Ẹ gbà mí gbọ́, kí n tó rántí ohunkóhun, orúnkún mi ti tẹ̀. Ibi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í wọlé bá èèyàn ká má kí i. "Good morning, sir. Ẹ kú ìjókòó." Àfi bíi pé iyè mi rá! Mo tún fi kún un pé, "Ṣé kí n bu omi fún yín?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀.

Mo ti wà ní kíṣìnì, omi ti ń dà sínú ife, kó tó sọ sí mi lọ́kàn: títì ni mo bá ilẹ̀kùn yẹn. Ta ló wá ṣí i fún un? Mo sáré padà tòun ti ife lọ́wọ́.

Pápá ti dìde jókòó, ẹni tí a máa ń fi ẹ̀rọ gbé. Ó ń sunkún. "O ti bá a sọ̀rọ̀," ló wí. "Gbé omi yẹn wá. Èmi ló yẹ kí n fún un."

Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó nà án síwájú. Ọkùnrin náà dìde. Omi ń ro lára rẹ̀, ó ń rùn bí iyọ̀ àti epo ọkọ̀. Kò gba ife. Ọrùn ọwọ́ Pápá ló dì mú.

Ló bá ń fà á. Mo rọ̀ mọ́ ìbàdí Pápá, mo fẹsẹ̀ ti irin bẹ́ẹ̀dì, mo ń pe Jésù, mo ń pe Máíkẹ́lì Mímọ́. Mo tọ̀ sára, mi ò ní purọ́ fún yín. Èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé Pápá ò bá a jà rárá. "Jẹ́ kí n máa lọ, my girl," ló ń sọ sí mi létí. Mi ò gbà.

Ìgbà yẹn ni Sister Fúnkẹ́ wọlé. "Ah-ah! Ta ló da omi sílẹ̀ báyìí? Somebody will slip o!"

Ọwọ́ yẹn tú sílẹ̀. Èmi àti Pápá ṣubú sẹ́yìn. Kò sẹ́nì kankan lórí àga mọ́, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì rin gbindin.

Àwọn tó wá fi áńbúláǹsì gbé e ní ara rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tí wọ́n yọ nínú odò, bẹ́ẹ̀ ilé gbóná. Wọ́n bi mí bóyá omi tútù ni mo fi wẹ̀ ẹ́.

Pápá ṣì wà láàyè, ní ọsibítù. Mo máa ń yà wò ó lẹ́yìn iṣẹ́. Kì í lajú. Bó bá ti gbọ́ ohùn mi, á ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí?" Èmi á ní, "Kò sí o, Pápá. Ẹ sinmi." Irọ́ ni mò ń pa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ wa, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá bá àjèjì nínú ilé aláìsàn, ẹ bi onílé léèrè kí ẹ tó la ẹnu. Èmi ò rí ìkíni tèmi kó padà mọ́. Lánàá, bí mo ṣe wọ wọ́ọ̀dù, ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ rí mi. Ó dìde lórí àga, ó sì tẹrí ba fún mi, bí ẹni ń kí ojúlùmọ̀.