Púlọ́ọ̀gì Ọkọ̀ Alálùbọ́sà

Mò ń fi bẹntiróòlù nu ọ̀dà kúrò lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí nígbà tí òórùn bẹntiróòlù náà gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀. Awakọ̀ kan da púlọ́ọ̀gì mẹ́fà àti wáyà wọn sórí tábìlì. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́, àlùbọ́sà inú rẹ̀ sì ti ń gbóná.

"Alata, ṣe kíá! Ẹrù mi á jẹrà!" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Bàbá mi gbé mi sórí àpótí. "Ìyá mi, bá mi wò wọ́n. Báwo ni ẹnu wọn ṣe rí?"

"Márùn-ún pọ́n bíi bísíkíìtì. Ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìka tọ àwọn wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tó ti sán. Ó pààrọ̀ wáyà yẹn àti púlọ́ọ̀gì dúdú náà. Ojú Bàbá mi ti ń ṣú nígbà náà, kò ríran dáadáa mọ́. Èmi rò pé eré là ń ṣe.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, mo jó lórí àpótí. Awakọ̀ ju àlùbọ́sà ńlá kan sí mi, ó ní, "Ọ̀gá kékeré!"

Bàbá mi nu ojú mi. "Ìyá mi, tètè dé láti ilé-kéwú lọ́la o."