Ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà Nínú Eérú

Èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Bí wọ́n bá ní òjò ń rọ̀, n óò kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò ná. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ń kiri aṣọ sọ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Òṣogbo, kíá ni mo gbà á. Ó wo bàbá àgbà mi títí, ó sì sọ fún aládùúgbò wa pé, "Ọkùnrin yìí, a ti sìnkú ẹ̀ n'Íléṣà."

Bàbá àgbà mi ti jagun ní Bọ́má. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà láti ìgbà tí ìyá mi, ọmọ tí wọ́n bí sí Òṣogbo lẹ́yìn ogun, ti ń ṣòwò l'Ékòó. Àwọn ló ń lọ aṣọ ilé ìwé mi títí yóò fi le gan-an. Àwọn náà ló ń yọ egungun ẹja fún mi. Mi ò ní ẹlòmíràn nítòsí.

Nílé ìwé, a máa ń sọ̀rọ̀ àkúdàáyà: ẹni tó kú nílùú kan, tó lọ ń gbé nílùú mìíràn, tí yóò sì pòórá bí ará ilé rẹ̀ bá rí i tó pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Bàbá àgbà kì í sì í dé Iléṣà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Mo da eérú sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn hàn dáadáa. Ti òsì, ọmọ ìka nìkan ni mo rí. Mo mọ̀ pé ìbọn ló ba ẹsẹ̀ yẹn jẹ́. Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ará Iléṣà kankan má baà pe orúkọ wọn.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́ ọlọ́dẹ wọn, ìyá arúgbó kan dé, ó ru iṣu díẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ulé ṣọ́jà tó ń tiro, tí aláṣọ júwe fún mi, rèé?"

Bó ṣe pe ilé ní "ulé," mo ti mọ ibi tó ti wá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣọ́jà yẹn ti kú."

Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó tú gèlè, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ìgbà kejì rèé tí wọn óò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ń lọ, ó fi iṣu náà sílẹ̀ fún mi. Inú mi dùn pé mo ti gba bàbá àgbà là.

Nígbà tí wọ́n dé, mo ròyìn fún wọn pẹ̀lú ìgbéraga. Wọ́n wo iṣu náà, wọ́n bi mí bóyá etí ọ̀tún ìyá náà ya. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìyá mi ni."

Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ fún mi pé lẹ́tà kan dé Iléṣà nígbà ogun pé àwọn ti kú. Àwọn ará ilé ṣe òkú wọn, wọ́n sì ṣú ìyàwó wọn lópó fún àbúrò wọn. Kí wọ́n tó ti ogun dé, obìnrin náà ti bímọ fún un. Wọ́n ní bí àwọn bá wọlé, ilé yóò dàrú. Wọn ò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí.

Lọ́jọ́ kejì, a wọ lọ́rì lọ sí Iléṣà. Bí a ti yọ sílé ìyá náà, aládùúgbò rẹ̀ kan la ẹnu láti kí wọn. Ìyá náà fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ẹ má pe orúkọ ẹ̀ o, kó má baà lọ."

Ó gún iyán fún wa, ó jókòó, ó di etí ẹ̀wù bàbá àgbà mú. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa. Ó kàn ń fọwọ́ pa mí lórí ni. Kò gbà mí gbọ́. Àṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún ìwà yìí.

A ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù. Bàbá àgbà á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á dúró díẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á máa retí. Ìyá á ní, "Àlejò mi, káàbọ̀." Títí ó fi kú, kò pe orúkọ wọn mọ́.

Nínú lọ́rì tó gbé wa bọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, bàbá àgbà di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu wọn."