Alùpùpù Àǹtí Ràbí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà nídìí oníàlùbọ́sà kan ní Oríta-mẹ́rin, mo ń ṣa èyí tó dára, ni mo bá gbọ́ ìró alùpùpù lẹ́yìn mi. Kì í ṣe ariwo ọ̀kadà ayé ìsinsìnyí tó máa ń han bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Èyí ń rọra lù ni, tùkù-tùkù, tùkù-tùkù, bí àgbàlagbà tó jẹun yó. Kí n tó yíjú, ó ti wọ àárín èrò lọ. Oníàlùbọ́sà wò mí lójú, ó ní, "Àlàájà, ṣé ẹ̀ ń sunkún ni?" Mo ní àlùbọ́sà rẹ̀ ló fà á.

Àǹtí Ràbí ló sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ wọ́n.

Àbúrò bàbá mi ni wọ́n. Inú agboolé bàbá àgbà mi ní Bẹyẹrunkà ni gbogbo wa jọ ń gbé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Àǹtí Ràbí ń ṣe, wọ́n sì gbé wọn lọ sí abúlé kan tó kọjá Mólétè, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ọkọ̀ tó ń ná ibẹ̀ kì í gbéra àfi tó bá kún, kì í sì í kún bọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó débẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ kọ́ á ti gba oko lọ. Bí wọ́n ṣe sọ lọ́jọ́ kan nìyẹn pé àwọn fẹ́ ra alùpùpù.

Agboolé gbóná. Ìyá àgbà mi ká ọwọ́ lérí, wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń ya ẹsẹ̀ lórí irin láàárín ọjà? Bàbá Àgbà ò pariwo. Wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà wọn lọ ní tiwọn. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Ràbíátù, mi ò ní bá ọ rà á. Mi ò sì ní gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Èmi ni Àǹtí Ràbí mú dání lọ sí Kúdẹtì, lọ́dọ̀ bàbá kan tó fẹ́ ta tiẹ̀ nítorí pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Alùpùpù náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó dúró ṣinṣin. Kí àǹtí mi tó wo ọ̀dà ara rẹ̀ rárá, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi lé ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ṣàlàyé fún mi lọ́nà ilé: bó bá ti gbóná kí oníbàárà tó dé, a jẹ́ pé ó ti yọ ẹni tó ń tà á lẹ́nu kó tó jí. Ó tutù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò, wọ́n mi táyà, wọ́n fa ṣéènì wò.

Bàbá náà ní, "Ìyàwó, ọkọ ẹ ò lè wá fúnra ẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú sà, èmi ni mo fẹ́ gùn ún."

Ó wò wọ́n títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ló bá ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa tan án lásìkò ọyẹ́. "Má fi ipá ṣe é o. Bẹ̀ ẹ́ ni kó o máa bẹ̀ ẹ́."

Láràárọ̀ Sátidé, Àǹtí Ràbí á ró ògbólógbòó aṣọ, wọ́n á tẹ́ àpò sílẹ̀, wọ́n á da ọ́ìlì dúdú nù, wọ́n á fi tuntun sí i, wọ́n á ha púlọ́ọ̀gì títí yóò fi máa dán. Wọ́n ní alùpùpù àtijọ́ kì í béèrè ju pé kí èèyàn má dúró dìgbà tó bá pariwo kó tó bi í pé kí ló ń ṣe ọ́. Mi ò rántí ọjọ́ tó dá wọn dúró lórí òkè Mápó.

Ọkùnrin kan wà tó ń wá kí wọn. Aṣọ ló ń tà ní Ọjà'ba, ọmọlúàbí ni, gúgúrú kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwa ọmọdé. Nígbà tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ wá tọrọ ìyàwó, gbogbo ọ̀rọ̀ ń lọ déédéé títí ọ̀kan nínú wọn fi ní, "Ó ku ẹyọ kan. Kí ó ta nǹkan yẹn ká tó so yìgì." Àwa ọmọdé ti rọ̀ mọ́ fèrèsé.

Bàbá Àgbà pe Àǹtí Ràbí wọlé. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n wo ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà ń wo ẹní.

"Bàbá," àǹtí mi ní, "àwọn ọmọ ń dúró dè mí láràárọ̀."

Bàbá Àgbà kọjú sí àwọn àlejò. "Ẹ ti gbọ́. Ẹ mu omi yín tán kẹ́ ẹ tó máa lọ."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Àǹtí Ràbí gbé omi lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fọ alùpùpù tí wọ́n ti fọ̀ lánàá, omijé ń bọ́ sínú ọṣẹ. Wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, ẹ má ṣe rò pé wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá Àgbà jáde, wọ́n ká ọwọ́ agbádá, wọ́n mú àkísà, wọ́n lóṣòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu táyà ẹ̀yìn. Wọn ò fọwọ́ kàn án rí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ nù ún tán.

Ọkùnrin náà fẹ́ ẹlòmíràn. Ó pẹ́ tí Àǹtí Ràbí fi ń gba ọ̀nà jíjìn lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n má baà kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni olùkọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú fẹ́ wọn. Ẹ̀yìn ni ọkọ náà máa ń jókòó, tòun ti báàgì rẹ̀ láyà. Bí wọ́n bá kọjá, àwọn èèyàn á kígbe, "Ọkọ tí ìyàwó ń gbé!" Òun náà á sì máa juwọ́ sí wọn bí ọba.

Àǹtí Ràbí ti di olóògbé báyìí. Mi ò mọ ẹni tó ni alùpùpù náà mọ́. Ojúde agboolé wa ti di ìsọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, àwọn ọmọbìnrin ń wa ọkọ̀ kọjá ní Bẹẹrẹ, ọrùn ẹnikẹ́ni kì í yí. Inú mi dùn sí i, lóòótọ́ ni. Èmi náà ń yẹ ọ́ìlì ọkọ̀ mi wò ní Sátidé, àwọn ọmọ mi á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Àǹtí Ràbí ni mo ń fẹ́, bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Mápó, tí ìborùn wọn ń na ojú mi, tí wọ́n ń pariwo sínú afẹ́fẹ́ pé, "Dì mí mú dáadáa o!" Mo dì wọ́n mú. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi dì wọ́n mú. Ọmọdé ni mí, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè di nǹkan mú tó báyẹn, kó sì tún bọ́.